Alàgbà Gbaná Jẹ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí Alásè dé ilé ìdáná ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń tẹ́tí sí ìràwọ̀, ó bá ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú máíkírówéfù rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà pé: "ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ TAN NǸKAN YÌÍ MỌ́." Alásè kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ó kà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ọ̀rọ̀ náà ò yí padà. Kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó kọ ọ́ fún un. Nínú gbogbo ilé-iṣẹ́ náà, ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń fi rúlà fa ìlà kó tó kọ ọ̀rọ̀ lé e. Ìyá Aago ni.

Ẹ má tíì bá obìnrin náà bínú o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń rìn jẹ́jẹ́, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nítòsí ọmọ tó sùn lọ. Lọ́jọ́ tí òrùlé jò sórí ìwé tó ti fi ọdún méjì kọ, ohun tó sọ ni pé, "Ó mà ṣe o," ó wá dìde lọ wá bàsíà. Àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún ò gbọ́ ariwo rẹ̀ rí. Sùúrù ni baba ìwà, wọn a ní, Ìyá Aago sì ni ìyá rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tẹ́tí sí irú ìràwọ̀ tí wọ́n ń pè ní pọ́sà. Bí ìràwọ̀ ńlá bá kú, tó bú gbàmù, ohun tó máa ń ṣẹ́kù nígbà mìíràn ò ju ìlú kan lọ ní fífẹ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo ju oòrùn lọ, á sì máa pòòyì láìsinmi. Ẹ fojú inú wo ẹni tó mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ tó ń pòòyì: gbogbo ìgbà tí iná náà bá kọjá lójú yín, ẹ ó rí i firi. Bẹ́ẹ̀ ni pọ́sà ń ṣe, àfi pé ìró rédíò ló ń tàn sí wa. Abọ́ irin ràgàjì kan ló wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ náà tó ń gba ìró yìí, wọ́n sì lè máa gbà á lọ́sàn-án gangan, torí rédíò ò bìkítà bóyá oòrùn wà lókè tàbí kò sí.

Ìràwọ̀ kan wà tó jẹ́ ti Ìyá Aago gan-an. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń kà á. Ó ń pòòyì lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀, kì í yá jù, kì í pẹ́ jù, kì í pa ibi iṣẹ́ jẹ, ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Alàgbà. Ó ti kà á dé ibi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún ti kọ́ ọ sórí. Bó bá jókòó sídìí tábìlì, ẹsẹ̀ náà á máa lu ilẹ̀, tọ̀, tọ̀, tọ̀. Bó bá wà lórí ìlà ní báǹkì, tọ̀, tọ̀, tọ̀. Dókítà eyín rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí ó sú u.

Wàyí o, yàrá tó kọjú sí tirẹ̀ ni yàrá àwọn mágínẹ́tà. Mágínẹ́tà náà, òkú ìràwọ̀ tó ń pòòyì ni, ṣùgbọ́n agbára òòfà inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ó máa ń fa ara rẹ̀ ya. Ó lè sùn fún ọdún mẹ́wàá bí ẹni tí ò lè pa eṣinṣin, á wá jí lọ́jọ́ kan, á bú, á tú, á sọ̀kò iná káàkiri ojú ọ̀run, kó tó tún padà lọ sùn. Ọ̀gá yàrá yìí ni ọkùnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Àrá. Wọn ò ṣèèṣì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ti fi ẹsẹ̀ fọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, wọ́n sì ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí bó ṣe máa ń tì í. Àbúrò Ìyá Aago ni. Ìyá kan, bàbá kan.

Ọ̀rọ̀ wọn ti ń bọ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Àwọn àlejò wá lọ́jọ́ kan, Àrá sì dìde níwájú gbogbo gbọ̀ngàn, ó ní pọ́sà àti mágínẹ́tà, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ó ní àwọn pọ́sà tí òòfà inú wọn pọ̀ jù yìí, mágínẹ́tà tó ń sùn ni wọ́n. Ká ní ó dákẹ́ níbẹ̀ ni! Rárá o. Ó na ìka sí àwòrán tó wà lára ògiri.

"Ẹ wo Alàgbà yìí," ló wí. "Ẹ wo bí òòfà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ẹ má jẹ́ kó fi ojú sùúrù tàn yín jẹ. Lọ́jọ́ kan, á fara ya!"

Ìyá Aago ò tiẹ̀ dìde. Ó mu omi díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tí àbúrò mi ò bá tíì jẹun àárọ̀, bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Àlejò kan rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àga. Àrá jókòó, ọjọ́ náà sì ni ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni rántí tó jáde láìgbá ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ àfi kí Alásè bá wọn gbé e. Á dúró láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tíréè lọ́wọ́, àwọn méjèèjì á sì jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà péré síra wọn.

"Alásè, ẹ bá mi sọ fún Àǹtí mi pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn, ẹsẹ̀ tí wọ́n ń lù mọ́lẹ̀ ń dí mi lọ́wọ́."

"Alásè, ẹ bá mi sọ fún un pé etí rẹ̀ ni kó lọ tì."

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni Alásè á bi àwọn méjèèjì, á sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tó wá di ọdún yìí, Ọ̀gá Àgbà kéde pé abọ́ náà ti ń darúgbó, kò ní lè máa gbọ́ gbogbo ìràwọ̀ mọ́. Pọ́sà mẹ́wàá péré ni wọ́n á mú, èyí tí wọ́n á máa tẹ̀lé fún ọdún mẹ́wàá tó ń bọ̀, àwọn tí kì í yẹ̀ lórí àdéhùn. Ẹni tó bá ni ìràwọ̀ á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ìràwọ̀ òun ò ṣe ségesège. Èyí tí wọn ò bá fọwọ́ sí, wọ́n á yí abọ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó parí. Ìyá Aago gba fọ́ọ̀mù tirẹ̀, ó fi sínú dúrọ́ọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí ẹnì kan bá wà láyé tí ò ní ìṣòro, òun ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù ni Ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Ìgbálẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà kan tí Ìyá Aago fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ẹ mọ̀ pé etí abọ́ yẹn mú ju bó ṣe yẹ lọ. Fóònù ọmọ aráyé, mọ́tò, ẹ̀rọ ìlọta, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí Ìgbálẹ̀ fi máa ń ṣọ́ ohun tó bá ń wọlé: ìró èyíkéyìí tó bá ti lágbára ju bí Alàgbà ṣe máa ń dún lọ, ariwo èèyàn ni, gbígbá ni. Á gbá a sínú àpò ìdọ̀tí kí Ìyá Aago tó fojú kàn án rárá, á dún pín, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. Tẹ́lẹ̀, nǹkan méjì mẹ́ta ló ń gbá lóòjọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn, ó gbá mọ́kànlélógójì.

"Ta ló ń da ìdọ̀tí sílé fún mi?" ni Ìyá Aago wí, jẹ́jẹ́.

Nítorí pé ọ̀sán ni Alàgbà ń gba orí abọ́ kọjá lásìkò náà, tó sì jẹ́ pé ọ̀sán náà ni Alásè ń gbé oúnjẹ kaná, Ìyá Aago fojú sí máíkírówéfù. Bí ìwé ṣe gun ojú rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé nìyẹn. Gbogbo ilé-iṣẹ́ jẹ ìrẹsì tútù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìgbálẹ̀ gbá ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́fà.

Ó lẹ ìwé mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń se omi tíì. Ìgbálẹ̀ gbá àádóje. Ó gba rédíò kékeré ọwọ́ gáàdì, gáàdì wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fúnra rẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, ọkùnrin náà ò mọ orin ín kọ! Ìgbálẹ̀ gbá igba ó lé méjìlá. Ó wọlé tọ Ọ̀gá Àgbà lọ, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sì gba ẹ̀rọ tó fi ń fá irùngbọ̀n nígbà tó ti fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan tán. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ kọjá géètì láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bí Ọ̀gá Àgbà ṣe ń fẹsẹ̀ rin ìrìn ìṣẹ́jú ogún nínú oòrùn lójoojúmọ́ nìyẹn, pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan. Wọn ò lè bá Ìyá Aago jà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ bá ẹni tí ò pariwo jà?

Síbẹ̀, iye náà ń gòkè. Fọ́ọ̀mù wà nínú dúrọ́ọ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá Aago ò lè sùn mọ́. Bí kò bá rí ẹni tó ń pariwo yìí mú, kò lè fi ọkàn kan búra pé ohun gbogbo lọ déédéé, bí kò bá sì búra, wọ́n á yí abọ́ kúrò lórí Alàgbà. Ìyá Aago láìsí aago. Ó rò ó wò lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní kí ọkàn òun má tún rò ó mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló gbójú sókè tó wo òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lórí tábìlì Àrá, ó rí àpótí dúdú kan tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Iná pupa kékeré kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.

Háà! Ta ló sọ lójú àlejò pé Alàgbà á fara ya? Ta ló máa rẹ́rìn-ín bó bá fara ya lóòótọ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìyá Aago pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé, ó jókòó, fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́rìnlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò lu nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́rú, ìyá wọn tẹ̀ ẹ́ láago. Fóònù oníwáyà ara ògiri tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà, torí fóònù alágbèéká ò wọ ibẹ̀. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni Màmá, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì gba ẹ̀bùrú.

"Ìwọ àti àbúrò ẹ, ṣé ẹ ti ń sọ̀rọ̀?"

"À ń sọ̀rọ̀, Màmá."

"Irọ́! Mo bá Alásè sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ní ọrùn ń ro òun nítorí wíwo ọ̀tún wíwo òsì."

"Màmá, oníbìínú ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Èmi kì í..."

"Ìwọ kì í kí ni? Ta ló sọ bàtà bàbá ẹ gba ojú fèrèsé nítorí pé wọ́n ní kó lọ sùn? Ta ló gé ilẹ̀kùn jẹ?"

"Màmá, ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà."

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ojú eyín ẹ ṣì wà lára ilẹ̀kùn ọ̀hún. Àbúrò ẹ ló máa ń fara balẹ̀ nígbà yẹn, òun ló máa ń bẹ̀ ẹ́. Inú kan náà ni mo ti bí ẹ̀yin méjèèjì, mo mọ ohun tí mo bí." Màmá mí kanlẹ̀. "Ìgbà tí bàbá yín kú lo dákẹ́. O ò sunkún, o ò pariwo, o kàn jókòó o ń ka aago ara ògiri. Ọgbọ̀n ọdún rèé. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

"Màmá, iṣẹ́ ń dúró dè mí," ni Ìyá Aago wí, ó sì gbé fóònù kọ́.

Ó lọ bá Ọ̀gá Àgbà. Ó ní kí wọ́n pa iná gbogbo ilé náà fún wákàtí kan lọ́sàn-án, kí gbogbo èèyàn jáde sórí koríko. Abọ́ àti kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́ lórí bátìrì. Ọ̀gá Àgbà fọwọ́ pa irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kó ṣe bó ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ yìí tán lọ́sàn-án náà.

Bí èèyàn mẹ́rìnlá ṣe dúró nínú oòrùn nìyẹn, bí ọmọ iléèwé tó pẹ́ dé. Alásè mú ṣíbí lọ́wọ́. Ìyá Aago yọjú lójú fèrèsé, ó ní kó fi ṣíbí náà sílẹ̀. Àrá ká ọwọ́ gbera, ó ń kùn. Nínú ilé, fáànù dákẹ́, fíríìjì dákẹ́, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí kọ̀ǹpútà lára, tó ti ń hó gùùù láti ọdún gbọọrọ, òun náà dákẹ́. Alàgbà dé orí abọ́.

Pín, ni Ìgbálẹ̀ wí. Pín. Pín pín.

Ìyá Aago wo iye náà. Ó ti di ọgọ́rin, ó di ọgọ́jọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò tíì pé. Ó gbójú sókè. Láti ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀, nínú òkùnkùn yàrá tó kọjú sí tirẹ̀, ó rí iná pupa kékeré náà tó ń ṣẹ́jú sí i.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ìyá Aago gbaná jẹ.

Igbe rẹ̀ jáde kí òun fúnra rẹ̀ tó jáde. Gáàdì sọ lẹ́yìn náà pé òun rò pé abọ́ ló wó. Ó ya lu orí koríko bí ẹni tí oyin ń lé, àpótí dúdú náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, irun rẹ̀ ti tú, bàtà kan ti kù sílé. "Ìwọ!" ló wí. "Ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn! Ìwọ tí mo kọ́ ní A, B, D! O fẹ́ ba tèmi jẹ́! Ọdún mẹ́ta, o ò kí mi! Mo ṣàìsàn, o rán ọsàn sí mi, o ò kí mi! Ṣé torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo sọ? Ó yá, rẹ́rìn-ín! Rẹ́rìn-ín kí n rí eyín ẹ!" Ó gbé àpótí náà sókè, ó sì là á mọ́lẹ̀ gbàà.

Àpótí náà là sí méjì. Ìrẹsì dà sílẹ̀. Ẹran méjì yí gbirigbiri lọ síwájú Ọ̀gá Àgbà. Gbogbo rẹ̀ ń yọ èéfín.

Alásè rọra tẹ̀ síwájú, ó wo ìrẹsì, ó wo Àrá. "Oúnjẹ gbígbóná," ló wí. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí à ń jẹ ìrẹsì bíi yìnyín, ìwọ ń jẹ oúnjẹ gbígbóná!"

"Abọ́ oúnjẹ tó ń fi bátìrì gbé oúnjẹ kaná ni," ni Àrá wí, ojú ń tì í. "Inú mi ò gba oúnjẹ tútù."

"Ẹ ṣáà rí i!" ni Ìyá Aago kígbe. "Òun ló ń da ariwo sí mi! Ó ti fọ́ báyìí, ó parí, ẹ tẹ́tí, ẹ tẹ́tí kẹ́ ẹ gbọ́ bí Ìgbálẹ̀ ṣe máa dákẹ́!"

Wọ́n tẹ́tí. Kò sí fáànù, kò sí mọ́tò, kò sí rédíò. Gáàdì pàápàá ò kọrin. Láti ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ ketekete: pín. Wọ́n retí. Pín. Ó dákẹ́ díẹ̀. Pín, pín, pín.

"Kò dákẹ́," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

Ilẹ̀ ni Àrá ń wò. Nígbà tó wá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ débi pé àwọn tó dúró lẹ́yìn ò gbọ́. "Àǹtí mi," ló wí, òun fúnra rẹ̀, láìgbà á gba Alásè, "ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Ìyá Aago wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni, èyí tí bàtà rẹ̀ ti kù sílé. Ó ń lu koríko. Tọ̀. Tọ̀. Tọ̀. Gbogbo ìgbà tí Ìgbálẹ̀ bá sì ti dún, orí ẹsẹ̀ náà ló ń bọ́ sí. Nígbà mìíràn ó máa ń fo ẹyọ kan, nígbà mìíràn ó máa ń fo mẹ́ta, ṣùgbọ́n kò bọ́ sí àárín rí. Máíkírówéfù wo ló ń dún ní ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀? Irùngbọ̀n ta ni wọ́n ń fá bẹ́ẹ̀ yẹn? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ariwo fáànù fi bo ìró kékeré yìí mọ́lẹ̀, tí obìnrin tó mọ̀ ọ́n ju gbogbo ayé lọ ò fi gbọ́ ọ.

"Alàgbà ni," ló wí. Ó jókòó sórí koríko.

Àrá na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde, àwọn méjèèjì wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni Àrá sì pa á dé.

Wọ́n tú àpò ìdọ̀tí Ìgbálẹ̀ palẹ̀. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ga ju bí Alàgbà ṣe máa ń dún lọ ní ìlọ́po ogún, ọgbọ̀n, wọ́n sì tò lé ara wọn lórí bí ẹni fi rúlà fà wọ́n. Kì í ṣe ariwo èèyàn. Ìràwọ̀ tó ti fara balẹ̀ fún ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń jí, tó ń bú, tó ń tú, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù sì ń gbá ohùn rẹ̀ dànù lójoojúmọ́ torí pé ó ti ga jù.

"Mo gbá a síta," ni Ìyá Aago wí. "Ó ń pè mí, mo sì ń gbá a síta." Ó bú sẹ́kún. Ẹkún náà kì í ṣe kékeré. Àrá wá aṣọ ìnujú, kò rí, ó fún un ní aṣọ tí wọ́n fi ń nu kọ̀ǹpútà.

"Ẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà," ló wí nígbà tó pẹ́. "Àwọn irú ẹ̀ kì í pẹ́ kí wọ́n tó tún sùn. Tó bá fi máa di oṣù mélòó kan, á ti padà bó ṣe wà. Ẹ máa kà á lọ. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyá Aago gbé aṣọ náà kúrò lójú. "Ìwọ? Ọdún mẹ́ta lo ti ń retí ọjọ́ òní."

"Ohun tí mò ń retí fún ọdún mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bá mi sọ̀rọ̀," ni Àrá wí. "Ìyẹn yàtọ̀."

Wọ́n ní bí ọmọ ìyá méjì bá wọ yàrá tí wọ́n jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, irọ́ ni wọ́n pa fún ara wọn. Bí ojú wọn bá pọ́n, òótọ́ ni wọ́n sọ. Nígbà tí àwọn méjèèjì jáde, ojú wọn pọ́n bí ata.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n pé jọ sí gbọ̀ngàn. Nígbà tí wọ́n pe Alàgbà, Ìyá Aago gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ jáde. Kò sí nǹkan kan lórí ìlà tó yẹ kó fọwọ́ sí. Ó dìde, èyí tí kò ṣe lọ́jọ́ kìíní.

"Mi ò lè búra fún ìràwọ̀ yìí," ló wí. "Ó ti fara ya. Pọ́sà ni, mágínẹ́tà náà ni, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹnì kan sọ ọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì ní kò tíì jẹun àárọ̀ ni." Ó gbé omi mì. "Ó ti jẹun àárọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mi ò tíì jẹun."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Àgbà fa ìlà pa Alàgbà rẹ́ nínú àwọn mẹ́wàá náà, ó sì kọ ọ́ sí yàrá àwọn mágínẹ́tà, tí wọ́n ní àsìkò tiwọn lórí abọ́, torí bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ìyá Aago jókòó, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ ibi tó máa gbé ara rẹ̀ sí.

Àfi bí Àrá ṣe dìde gìrì. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kan ló kù! Ìràwọ̀ tó ń bínú ò ṣeé dá tọ́jú, ó fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Nínú yàrá tiwa, kò sẹ́ni tó lè ka ogún láìfi ẹsẹ̀ gbá nǹkan. Ẹ fún mi ní Àǹtí mi!" Ó gbá tábìlì. Ife omi mẹ́ta dànù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Aago gbé àga rẹ̀ sọdá ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ sábẹ́ àbúrò rẹ̀, àbúrò di ọ̀gá, ẹ̀gbọ́n di ọmọ iṣẹ́, Alásè sì ní òun ò ní gbé ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé òun. Ó ya ìwé kúrò lójú máíkírówéfù, ó gbé ìrẹsì gbogbo ilé kaná. Ọ̀gá Àgbà fá ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì.

Fóònù ara ògiri dún. Ìyá Aago ló gbé e.

"Mo gbọ́ pé o pariwo," ni Màmá wí.

"Ta ló sọ fún yín? Alásè, àbí? Màmá, ẹ má bínú. Mo pariwo lójú Ọ̀gá wa, mo fọ́ abọ́ oúnjẹ ọmọ yín..."

"Báwo ló ṣe dún?"

Ìyá Aago dúró, ó rò ó. "Ó dún dáadáa, Màmá," ló wí.

Màmá dákẹ́ títí tó fi rò pé wọ́n ti gbé fóònù kọ́. Nígbà tó yá ló wá gbọ́ pé ẹkún ni Màmá ń sun.

"Ọgbọ̀n ọdún," ni Màmá wí. "Mo rò pé o ti kú sínú ni." Wọ́n fọn imú. "Ó yá, gbé fóònù fún àbúrò ẹ."